Ọ̀sẹ̀ Àkọ́kọ́ Láìsí Ẹ̀bà

Ọjọ́ kìíní sábà máa ń rọrùn. Ẹni tó pinnu pé òun ti fi ẹ̀bà, ìrẹsì àti búrẹ́dì sílẹ̀, yálà nítorí ikùn tó ń yọ síwájú tàbí nítorí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, á jẹ ẹyin láàárọ̀, á jẹ ẹja díndín lọ́sàn-án, á sì fi ayọ̀ sùn. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, òòyì á máa kọ́ ọ bó bá dìde lójijì, èébì á máa gbé e, pajápajá á mú un lẹ́sẹ̀ lóru, inú á sì máa bí i sí ọmọ tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń sá padà sídìí àmàlà, tí wọ́n á ní ara àwọn kọ oúnjẹ náà. Àwọn tó kù á faradà á, wọ́n á ní májèlé ló ń jáde. Lójú tèmi, apá méjèèjì ló ṣi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ túmọ̀. Omi àti iyọ̀ ló ń bá ìtọ̀ lọ, ẹni tó bá sì tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀ lè yẹra fún èyí tó pọ̀ jù nínú ìyà náà.

Bí a bá jẹ òkèlè, ara á sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà, á lo èyí tó nílò, á sì fi díẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan. Ohun ìpamọ́ yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní glycogen. Nínú àgbàlagbà, ti inú ẹ̀dọ̀ máa ń tó nǹkan bíi 100 gíráàmù, ti inú iṣan sì lè tó 400. Bí gaàrí ṣe ń fa omi mọ́ra nínú abọ́ lòun náà ń ṣe: gíráàmù kan rẹ̀ ń di omi bíi gíráàmù mẹ́ta mú. Tí òkèlè bá dáwọ́ dúró, ara á yíjú sí ohun ìpamọ́ yìí, á máa ná an, omi tó dì mú á sì tú sílẹ̀. Kílò kan tàbí méjì tó bọ́ lára èèyàn láàárín ọjọ́ mélòó kan yẹn, tí wọ́n ń ya fọ́tò òṣùwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ lórí WhatsApp, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀rá ṣì wà níbi tó wà.

Ínsúlìn tún dá kún un. Iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́ ni kíkó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún ń mú kí kíndìnrín fọwọ́ mú iyọ̀ ṣinṣin. Bí òkèlè bá dín kù, ínsúlìn á wálẹ̀, kíndìnrín á tú iyọ̀ sínú ìtọ̀, omi á sì tẹ̀lé e. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fi ń dìde lóru lọ tọ̀ léraléra. Nígbà tí omi inú ẹ̀jẹ̀ bá ti dín kù, ẹ̀jẹ̀ kì í tètè gòkè dé orí bí èèyàn bá dìde dúró, ibẹ̀ ni òòyì ti ń wá. Lákòókò kan náà, ọpọlọ, tó máa ń lo ṣúgà bíi 120 gíráàmù lójúmọ́, ń kọ́ bí yóò ṣe máa lo kítónì, ìyẹn ohun tí ẹ̀dọ̀ ń fi ọ̀rá ṣe. Láwọn ọdún 1960, George Cahill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston fi hàn pé kítónì lè gba iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ́wọ́ ṣúgà nínú ọpọlọ ẹni tó ti gbààwẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Ọ̀kan nínú àwọn kítónì náà ni acetone, tó ń bá èémí jáde, tó sì ń fún ẹnu ní òórùn àjèjì. Acetone yìí kan náà ló wà nínú omi tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná, ṣùgbọ́n inú èémí ló ti ń wá, nítorí náà fífọ eyín lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ kò lè mú un kúrò. Ó máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rí. Lọ́dún 2004, William Yancy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Duke, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí 120 èèyàn tó sanra jù. Wọ́n pín wọn sọ́nà méjì fún ọ̀sẹ̀ 24: apá kan dín sítáàṣì àti ṣúgà kù gan-an, apá kejì dín ọ̀rá kù. Nínú àwọn tó dín sítáàṣì kù, ìdá 68 nínú 100 ló ní ìgbẹ́ gbígbẹ, tí ti apá kejì sì jẹ́ 35. Pajápajá mú ìdá 35 níbí, 7 péré lọ́hùn-ún. Ara rọ ìdá 25 níbí, 8 lọ́hùn-ún. Orí fífọ́ ló jẹ́ kí ń dúró díẹ̀ síbi ìwádìí yìí: ìdá 60 níbí, ṣùgbọ́n 40 lọ́hùn-ún pẹ̀lú. Àwọn tí kò yọwọ́ nínú búrẹ́dì rárá náà ní ẹ̀fọ́rí! Ìyẹn ni pé yíyí oúnjẹ padà, irú èyí tó wù kó jẹ́, lè mú orí fọ́ni. Ẹni tó fi ẹ̀bà sílẹ̀ sábà máa ń fi tíì oníṣúgà àti kóòkì sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kaféènì sì wà nínú àwọn wọ̀nyí. Ẹni tí kaféènì ti mọ́ lára, tó wá já a lójijì, orí lè fọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ kan, bó tilẹ̀ ń jẹ iyán lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Kó mu tíì rẹ̀ láìfi ṣúgà sí i, kó tó di ẹ̀bi ru ẹ̀gúsí.

Èrò májèlé kò ṣòroó lóye láàárín wa. Bí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí bá ti ń lé èèyàn lọ sí ṣáláńgá tó, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń yìn ín pé ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín kì í dúró de ìgbà tí a bá fi ẹ̀bà sílẹ̀ kí wọ́n tó fọ ẹ̀jẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Bó bá sì jẹ́ májèlé ló ń fa òòyì náà, kí ló dé tí ife omi ẹran oníyọ̀ kan fi ń dín in kù? Ibi tí èrò náà ti ń ṣe ìpalára ni pé ẹni tó bá gbà pé ìrora ni oògùn kò ní wá nǹkan ṣe sí i. Ohun tó máa ń ṣe gan-an ni pé á máa da omi lásán mu, lítà lórí lítà, kó lè fọ májèlé dànù. Omi tí kò bá iyọ̀ rìn nírú àkókò yẹn á tún jẹ́ kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ṣàn sí i, orí á sì tún fọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ wo bí a ṣe ń jẹun nílé. Òkèlè fúnra rẹ̀ kì í ní iyọ̀. Inú ọbẹ̀ niyọ̀ wà, òkèlè la sì fi ń kó ọbẹ̀ wọ ẹnu. Ẹni tó bá yọ òkèlè kúrò sábà máa ń yọ ọbẹ̀ mọ́ ọn láìfura. Á wá ku ẹyin sísè méjì, kùkúńbà àti píà. Búrẹ́dì tó fi sílẹ̀ náà ní iyọ̀ tirẹ̀ nínú. Nígbà tí kíndìnrín ń da iyọ̀ nù, ẹnu náà ti dẹ́kun gbígbà á wọlé. Ohun tó yẹ ni pé kí ọbẹ̀ wá di oúnjẹ gan-an: ẹ̀fọ́ rírò nínú abọ́ jíjìn, pẹ̀lú irú, ẹja àti ẹran, ilá alásèpọ̀, ewédú tí a fi ṣíbí mu. Ẹ̀fọ́ àti ilá wọ̀nyí ló tún ń rọ ìgbẹ́, torí ara ohun tó ń mú ìgbẹ́ le nínú oúnjẹ yìí ni pé ẹran àti ẹyin kò ní okùn (fáíbà) nínú. Kí ife omi ẹran gbígbóná kan tàbí méjì tẹ̀lé e lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kí èèyàn má sì bẹ̀rù epo. Ẹni tó gé òkèlè, tó tún gé epo, ebi lásán ló fi ń pa ara rẹ̀, ara ríro tó ń tẹ̀lé e kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú iyọ̀ mọ́. Lọ́dún 1983, Stephen Phinney tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọkùnrin márùn-ún tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, sítáàṣì àti ṣúgà tí wọ́n ń jẹ kò tó 20 gíráàmù lójúmọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá tí wọ́n jẹ tó, wọ́n sì ń gba àfikún iyọ̀ ara. Nígbà tó parí, wọ́n ṣì lè wa kẹ̀kẹ́ pẹ́ tó bí wọ́n ṣe ń wà á tẹ́lẹ̀.

Ẹnìkan á ní, ṣé kì í ṣe iyọ̀ yìí náà ni wọ́n ní kí á sá fún? Ìbẹ̀rù náà tọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù márùn-ún, ìyẹn ò ju ṣíbí tíì kan lọ, àwọn dókítà tó ń fi oúnjẹ aláìlókèlè tọ́jú èèyàn sì máa ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ láyè, tó lè sún mọ́ ṣíbí méjì, pẹ̀lú èyí tó ti wà nínú ọbẹ̀. Ìyàtọ̀ náà ni pé ẹni tó ń jẹ oúnjẹ gbogbo wa ni ìkìlọ̀ àjọ náà ń bá wí, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń tọ́jú iyọ̀. Ẹni tí ínsúlìn rẹ̀ ti wálẹ̀ ń da iyọ̀ nù ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní na ọ̀rọ̀ yìí kọjá ibi tó dé. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn kíndìnrín tàbí àìsàn ọkàn kò gbọ́dọ̀ fi iyọ̀ kún iyọ̀ láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ mọ̀ sí i. Iyọ̀ àfirọ́pò tí wọ́n ń tà pé ó dára fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru, pòtásíọ̀mù ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ó sì léwu fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára tàbí tó ń lo lisinopril tàbí losartan. Ẹni tó bá sì ti padà sídìí ẹ̀bà, kó fi àfikún iyọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn kan tilẹ̀ wà tó ń ṣọ́ ẹnu láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n á wá lọ bá jọ̀lọ́ọ̀fù níbi ìnáwó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń bá fà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Nílẹ̀ wa, orí fífọ́ àti ara ríro ní orúkọ kan ṣoṣo: ibà. Ibẹ̀ ni ewu méjì ti pàdé. Ẹnìkan á ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì láìṣe àyẹ̀wò, á lò ó tán, iyọ̀ tó ń wá kò tíì kàn án. Ẹlòmíràn á ka ibà gidi sí oúnjẹ, á máa mu omi ẹran nígbà tí kòkòrò ibà ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Oúnjẹ yìí kì í mú ara gbóná. Bí ìgbóná ara bá ti dé 38 lórí tẹmómítà, tàbí tí òtútù ń mú èèyàn tó ń gbọ̀n, kó lọ fi ìka sílẹ̀ fún àyẹ̀wò; ìṣẹ́jú ogún tó láti mọ̀.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n dán oúnjẹ yìí wò láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlìn tàbí tó ń lo glibenclamide tàbí glimepiride, ìwọ̀n oògùn tí wọ́n fún un nígbà tó ń jẹ àmàlà lè já ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ débi tó máa dákú nígbà tó bá fi àmàlà sílẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà lè di àjùlọ, pàápàá èyí tó ń mú ni tọ̀. Oògùn ṣúgà tuntun bíi dapagliflozin àti empagliflozin ní ewu míràn: lọ́dún 2015 ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé wọ́n lè sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan nítorí kítónì tó pọ̀ jù, nígbà tí ṣúgà kò tilẹ̀ ga tó ohun tó ń dẹ́rù bani. Èébì tí kò dá, inú rírun àti èémí tó ń sáré jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Aláboyún àti abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́yàn kò ní nǹkan ṣe nídìí oúnjẹ yìí.

Ó ku àwọn tó ń sọ pé àwọn baba wa jẹ iyán, wọn ò sì kú. Lóòótọ́, oko ni wọ́n sì ń rìn lọ. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kan wà nínú àtakò náà tí àwọn olùfẹ́ kítò, ìyẹn oúnjẹ aláìlókèlè yìí, kì í fẹ́ gbọ́: fífi òkèlè sílẹ̀ pátápátá kọ́ ni ọ̀nà kan ṣoṣo. Lọ́dún 2018, Christopher Gardner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford tẹ ìwádìí kan jáde lórí 609 èèyàn. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tó dín sítáàṣì kù sọ kílò 6.0 nù, àwọn tó dín ọ̀rá kù sọ 5.3 nù, ìyàtọ̀ tí àwọn olùwádìí kò kà sí nǹkan. Kò sídìí, nígbà náà, fún fífi ipá já ara gbà lọ́jọ́ kan. Gaàrí gbígbẹ 100 gíráàmù ní sítáàṣì tó ju 80 lọ. Iṣu sísè tó wọn iye kan náà ní nǹkan bíi 27. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ méjì dín ẹ̀bà kù sí ìdajì, tó wá fi ègé iṣu díẹ̀ rọ́pò ìyókù, lè bọ́ sábẹ́ 130 gíráàmù lójúmọ́ tí àwọn onímọ̀ ń kà sí oúnjẹ onísítáàṣì kékeré, tí kíndìnrín rẹ̀ kò sì ní bá a jà. Kò ní dé ibi kítónì, òótọ́ ni, bóyá kò sì nílò rẹ̀. Ẹni tó bá yàn láti lọ tààrà, tó sì ń jẹ iyọ̀ àti epo bó ṣe yẹ, ara rẹ̀ máa ń balẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin. Bí oṣù bá pé tí òòyì àti àárẹ̀ kò lọ, kó lọ ṣe àyẹ̀wò, kó sì dá ègé iṣu méjì padà sínú abọ́. Kò sẹ́ni tó máa bá a wí.