Nǹkan Oṣù àti Ọpọlọ Obìnrin

Yorùbá kì í sábà dárúkọ àṣẹ́ ní gbangba. Nǹkan oṣù ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì kà á léèwọ̀ kí obìnrin tí ó ń ṣe é fọwọ́ kan àwọn oògùn kan. Ohun tí kò sí nínú èèwọ̀ náà ni èrò tí àwọn kan fi kún un, pé ọpọlọ ọmọbìnrin kì í jí pépé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni tí wọ́n bá rán lọ kọ́ṣẹ́ ní Alákíà, tàbí ní àwọn abúlé oko agbègbè Ẹgbẹ́dá, lè gbọ́ ọ nínú yàrá àwọn olùkọ́ kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu òbí kankan.

Bí amọ̀ tútù lọ́wọ́ amọ̀kòkò ni ọpọlọ ènìyàn rí. Ẹ̀kọ́ ń tún un mọ, oorun ń tún un mọ, ìdààmú náà ń tún un mọ, títí dọjọ́ ogbó. Lára ohun tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí lára obìnrin ni họ́mónù méjì tí ilé ẹyin ń pèsè, estrogen àti progesterone, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé dé orí. Estrogen a máa pọ̀ jù lọ nígbà tí ó bá ku díẹ̀ kí ẹyin bọ́. Lẹ́yìn tí ẹyin bá bọ́ ni progesterone ń gòkè. Bí oyún kò bá dúró, àwọn méjèèjì á wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì yọ.

Ní ọdún 1990, Catherine Woolley, Bruce McEwen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Rockefeller University, New York, yẹ hippocampus abo eku wò, ìyẹn apá ọpọlọ tí ìrántí gbẹ́kẹ̀ lé. Sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ní ẹ̀ka, ara àwọn ẹ̀ka náà sì ni àwọn kókó wíńníwínní wà, tí sẹ́ẹ̀lì kan fi ń gba iṣẹ́ tí èkejì rán sí i. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ìyípo eku fi ń pé, àwọn kókó yìí ń rú jáde, wọ́n sì ń dín kù. Nǹkan bí 30 nínú 100 wọn a máa lọ láàárín ọjọ́ kan péré. Ẹni tí ó rò pé orí àgbà ti gan pa kò tíì rí eku yìí.

Orí ènìyàn kò ṣeé là wò bí ti eku. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wò ó. Ní Leipzig, ní Jámánì, Rachel Zsido, Julia Sacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ẹ̀rọ MRI tí agbára òòfà rẹ̀ jẹ́ tesla 7 ya àwòrán ọpọlọ obìnrin 27, ní ìgbà mẹ́fà láàárín ìyípo kan. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2023 fi hàn pé àwọn apá kan nínú hippocampus ń tóbi, wọ́n sì ń kéré, bí họ́mónù méjèèjì ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀.

Ǹjẹ́ òye náà ń lọ sókè sódò bákan náà? Ní 2025, Daisung Jang àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbájáde ìwádìí 102 jọ. Ènìyàn 3,943 ni wọ́n kópa nínú wọn. Àfiyèsí ni o, làákàyè ni o, ìmọ̀ èdè ni o, wọn kò rí ìyàtọ̀ kan tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kí ọpọlọ yí díẹ̀ yàtọ̀ sí kí ó jó rẹ̀yìn.

Ohun tí ó ń gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin mìíràn wà nísàlẹ̀ orí. Ilé ọmọ ń pèsè prostaglandin, èyí tí ń mú kí iṣan rẹ̀ sún kì. Òun ni ó ń fa inú rírun. Ọmọ tí inú ń run lè má sùn tó lóru, ẹni tí kò ní páàdì a sì máa bẹ̀rù láti dìde lọ síbi pátákó. Àwọn obìnrin Leipzig ti dàgbà, oṣù wọn sì ń lọ déédéé. Ti ọmọ ọdún 12 tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè fo oṣù kan tàbí méjì, kí ó sì dé bá a láìròtẹ́lẹ̀ láàárín kíláàsì. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gbórí lé tábìlì, omi, páàdì àti àyè láti jáde láìsí ìbéèrè ni ohun tí olùkọ́ lè fún un kí agogo tó lù.