Ewé Pa Kòkòrò Nínú Àwo: Ṣé Yóò Wo Ọmọ Yín Sàn?

Ẹ jẹ́ kí á fi ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ ní ilé ẹnikẹ́ni nínú yín bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yín tí ó wà ní yunifásítì dé sílé fún ìsinmi. Ó ní nínú iṣẹ́ ìwádìí tí òun fi parí ẹ̀kọ́ òun, omi ewé efinrin pa kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Inú yín dùn. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ kékeré inú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu gbuuru. Ṣé efinrin ni ẹ óò gbo fún un, kí ẹ sì jókòó?

Kí á tó dáhùn, ó yẹ kí á mọ bí a ti ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1990, ẹ̀ka kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn àti ẹranko. Níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn yunifásítì wa yòókù, akẹ́kọ̀ọ́ kì í gba oyè láìṣe ìwádìí tirẹ̀ kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń wádìí ewé yóò sá a ní ibòji, yóò lọ̀ ọ́, yóò rẹ ẹ́, yóò sì sẹ́ ẹ. Yóò da oúnjẹ kòkòrò, tí ó dì bí ẹ̀kọ, sínú àwo pẹlẹbẹ kan, yóò fi kòkòrò ra ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò gbé bébà róbótó tí ó ti rẹ sínú omi ewé lé e. Ní ọjọ́ kejì, bí ewé náà bá lágbára, kòkòrò kò ní hù yí bébà náà ká. Yóò fi rúlà wọn ibi tí ó mọ́ náà.

Ṣùgbọ́n nínú àwo ni a wí o. Ízàl tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́ náà yóò pa kòkòrò inú àwo yẹn. Ta ni yóò bu Ízàl fún ọmọ mu? Inú ènìyàn kì í ṣe àwo. Bí omi ewé bá dé ikùn, ikùn lè ba agbára rẹ̀ jẹ́, ẹ̀dọ̀ sì lè yí i padà. Bí a bá sì mu ún pọ̀ tó láti pa kòkòrò, ó lè pa kíndìnrín lára pẹ̀lú.

Ohun mìíràn tún wà. Lára ọmọ kéékèèké, fáírọ́ọ̀sì ni ó máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe irú kòkòrò tí ó wà nínú àwo náà. Èyí tí ó sì ń pa ọmọ jù ni omi ara tí ó ń gbẹ. Nítorí náà, ẹ tètè fún un ní omi ORS, kí ẹ má sì dá ọmú dúró. Bí kò bá sí ORS nítòsí, ẹ fi ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, tí ẹ fi ọwọ́ gé lórí, sínú omi mímọ́ lítà 1. Bí ojú ọmọ bá wọnú, tí kò tọ̀, tí ó ń sùn ṣáá, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má rò pé a ń fi ewé àwọn baba wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Ṣáínà, ní 1971, obìnrin onímọ̀ kan, Tu Youyou, kà nínú ìwé àtijọ́ pé omi tútù ni a ń rẹ ewé kan sí fún ibà. Ó rò ó pé iná ni ó ń ba agbára ewé náà jẹ́. Ó wá ọ̀nà tí kò gba iná púpọ̀, ó sì wo ibà eku àti ti ọ̀bọ sàn. Ní 1972, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mu ún fúnra wọn kí wọ́n tó fún aláìsàn. Láti inú ewé yẹn ni oògùn ibà ACT ti jáde, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ẹ rí i pé láti inú àwo dé ẹnu aláìsàn, ọ̀nà jìn.

Àwọn ìwádìí mìíràn wà tí ilé lè rí kọ́ lára wọn lónìí. Ní 2016, àwọn olùwádìí ẹ̀ka ti Ògbómọ̀ṣọ́ yìí tẹ̀ ẹ́ jáde pé fàdákà lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n fi omi èèpo kòkó ṣe pa tanwíji ẹ̀fọn. Ẹ kò ní fàdákà yẹn nílé, ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí tanwíji ń gbé: agolo, táyà, ìkòkò tí a kò dé. Bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ẹyin ẹ̀fọn fi ń di ẹ̀fọn tí ń fò. Bí ẹ bá ń da omi bẹ́ẹ̀ nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kò ní dàgbà.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ yín bá tún mú ìròyìn ìwádìí wálé, ẹ yìn ín, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé nínú àwo ni, tàbí lára eku, tàbí lára ènìyàn? Báwo ni ìwọ̀n rẹ̀ ti tó? Ta ni ó tún un ṣe tí ó rí ohun kan náà? Ọmọ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè náà. Ohun tí olùkọ́ rẹ̀ yóò bi í gan-an nìyẹn.