Díìṣì Ilé Wa: Bí Àwòrán Bá Ń Lọ Tó Ń Bọ̀ Nílẹ̀ Ẹ̀gbá

Ní Abẹ́òkúta, àwòrán tẹlifíṣàn a máa lọ kí òjò tó dé. Oòrùn lè wà lórí Olúmọ, kí aṣọ àdìrẹ ṣì wà lórí okùn ní Ìtòkú, kí ẹ̀kán òjò kan má tíì kan páànù, síbẹ̀ kí dìkódà kọ ọ́ síwájú ẹni pé òun ò rí sígínà mọ́. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ a ní dìkódà ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ìlà-oòrùn ni díìṣì DStv wa kọjú sí, ìlà-oòrùn náà sì ni òjò oníjì ti máa ń gbára jọ wá bá wa. Ẹni tó ń gbé Láfẹ́nwá, òjò tó ti ń ya ní Àdàtán ló dínà mọ́ díìṣì rẹ̀. Bí òjò náà bá kọjá, àwòrán á padà fúnra rẹ̀.

Owó tó ń ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ yìí nílùú wa kò kéré, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń gun àkàbà nígbà tí kò sídìí fún un. Ohun kan ṣoṣo ni ojú ìwé yìí fẹ́ kí olúkúlùkù fi sọ́kàn: díìṣì ni kí ẹ fọwọ́ kàn kẹ́yìn. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ́tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Bí àìsàn dìkódà ṣe rí nìyẹn. Inú ilé ni kí a kọ́kọ́ wò, ká tó dé ẹ̀yìnkùlé, ká tó gbójú sókè.

Àṣà òpó ọparun

Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Nígbà tó yá, Abẹ́òkúta náà ní NTA tirẹ̀, ó sì ní OGTV lójú ọ̀nà Ajébọ̀. Orí ilẹ̀ ni àwòrán ìgbà náà ń gbà, láti orí òpó gíga ilé iṣẹ́ dé orí eríà tí a so mọ́ ọparun lẹ́yìn ilé. Ẹnìkan a máa yí òpó, ẹnìkan a yọrí lójú fèrèsé: "Ó ti ń dáa! Ó tún ti lọ! Ẹ dá a padà díẹ̀!" Bí eríà bá tilẹ̀ yà díẹ̀, àwòrán á kàn ṣe wínniwínni ni, a ó ṣì dá ojú ẹni tó ń ka ìròyìn mọ̀.

Àṣà yẹn ló ń ba díìṣì jẹ́ lónìí. Díìṣì kì í fàyè gba àṣìṣe. Bí etí díìṣì tó fẹ̀ tó 90 sẹ̀ǹtímítà bá sún ní sẹ̀ǹtímítà kan péré, ojú rẹ̀ ti yà ju digírì kan lọ, sígínà sì lè sọ nù pátápátá. Àwòrán tòde òní kò sì mọ wínniwínni. Yálà ó mọ́ kedere, tàbí ó fọ́ wẹ́wẹ́ bí àwo tó já lulẹ̀, ó dì, ó sì lọ. Ẹni tó bá fi ọwọ́ òpó ọparun yí díìṣì ti sọ àìsàn kékeré di ńlá: ohun tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, díìṣì náà kò tún kọjú síbi tó yẹ mọ́.

Ibi tí sígínà ti ń bọ̀

Sátẹ́láìtì tí DStv fi ń ránṣẹ́ sí wa wà lókè ìlà agbedeméjì ayé, ní digírì 36 ìlà-oòrùn. Ẹni tó bá dúró lábẹ́ rẹ̀ gan-an, ilẹ̀ Kẹ́ńyà ló wà. Ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2009 ni wọ́n gbé Eutelsat 36B lọ síbẹ̀. Eutelsat 36D tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2024. Gíga ibẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ 35,786 kìlómítà. Bí ayé ṣe ń yí ni òun náà ń yí, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ó dúró lójú kan, tí díìṣì wa kò fi ní láti máa wá a kiri.

Láti Abẹ́òkúta, ẹ óò rí i ní nǹkan bí digírì 101 lórí kọ́ńpáàsì, ìyẹn ìlà-oòrùn tó yà díẹ̀ sí apá gúúsù. Gíga rẹ̀ lójú ọ̀run jẹ́ digírì 51, ó fi díẹ̀ ju agbedeméjì ilẹ̀ àti àtàrí lọ. Ẹ má jẹ́ kí ìdúró díìṣì tàn yín: bí wọ́n ṣe ṣe é, ó máa ń dà bíi pé ó nàró, síbẹ̀ òkè ló ń wò. NigComSat-1R, sátẹ́láìtì orílẹ̀-èdè wa tí wọ́n gbé lọ ní oṣù kejìlá ọdún 2011, wà ní digírì 42.5. Ẹni tó bá ń gba ìkànnì láti ibẹ̀ yóò yí díìṣì rẹ̀ sí nǹkan bí 99, pẹ̀lú gíga digírì 44.

Nínú ìrìn nǹkan bí 37,000 kìlómítà tí sígínà rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kìlómítà bíi mẹ́fà tó kẹ́yìn nìkan ni òjò lè dí. Ìgbì tí a ń lò yìí kúrú, kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ lọ, nítorí náà ẹ̀kán òjò ńlá lè mu ún, ó sì lè fọ́n ọn ká. Àwọn díìṣì ràgàjì tí àwọn olówó máa ń rì mọ́lẹ̀ láyé ọjọ́un ń gba ìgbì tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ wọ́n lẹ́nu.

Ẹni tó ń lo GOtv kò lo sátẹ́láìtì. Òpó orí ilẹ̀ ni eríà rẹ̀ ń wò. Ọ̀pọ̀ nínú ètò inú ilé tó tẹ̀ lé e yìí wúlò fún òun náà, àmọ́ ìwọ̀n tí a kọ sókè yìí kì í ṣe tirẹ̀.

Inú ilé: ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ yẹ̀ wò

1. Ẹ bi aládùúgbò. Bí tiwọn náà bá lọ, ojú ọ̀run ni tàbí ilé iṣẹ́, ẹ jókòó. Bí tiyín nìkan bá lọ, ẹ tẹ̀ síwájú.

2. Ẹ ka ohun tí dìkódà kọ. E48-32 ń sọ pé òun ò rí sígínà. E16 ń sọ̀rọ̀ owó: àsansílẹ̀ ti tán, tàbí ìkànnì náà kò sí nínú ohun tí ẹ san fún. Bí a yí díìṣì títí ilẹ̀ fi ṣú, kò lè san owó yẹn.

3. Ẹ pa dìkódà, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó tún un tàn. Bí iná kò bá lágbára, ẹ dúró dìgbà tó bá dúró dáadáa. Dìkódà ló ń fi iná ránṣẹ́ gba inú wáyà lọ bá LNB tó wà lẹ́nu díìṣì: fọ́ọ̀tì 13 fún apá kan àwọn ìkànnì, 18 fún apá kejì. Ìdí nìyẹn tí ìkànnì kan fi lè mọ́ kedere tí òmíràn kò sì sí. Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ fura sí iná, wáyà tàbí LNB.

4. Ẹ wo ìdí wáyà. Ẹ kọ́kọ́ pa dìkódà, kí ẹ tó tú kọnẹ́ẹ̀kítọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbà tó wà láàárín gbọ́dọ̀ máa dán. Bó bá ti dúdú tàbí tó ti di àwọ̀ ewé, omi ti dé ibẹ̀. Bí fọ́nrán kan lára irun tó yí wáyà ká bá kan bàbà àárín, sígínà ò ní kọjá. Ẹ gé orí rẹ̀, ẹ tún un ṣe, ẹ fi ọwọ́ lásán dè é le.

5. Ẹ yọ ohun tó wà láàárín. Ọ̀pọ̀ ilé ló so wáyà pọ̀ lójú ọ̀nà, tàbí tí wọ́n fi nǹkan pín in sí yàrá méjì. Oríkèé kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ nínú sígínà. Bí dìkódà bá jẹ́ méjì, ẹ pààrọ̀ wáyà wọn. Bí àìsàn bá bá wáyà lọ, wáyà ló ni ín. Bó bá dúró sára dìkódà, dìkódà ló ni ín. Àyẹ̀wò yìí kì í gba ìṣẹ́jú márùn-ún, kì í sì í ná ènìyàn ní kọ́bọ̀.

6. Ẹ ka ìwọ̀n sígínà. Ẹ wá Information Central nínú ètò dìkódà. Ẹ óò rí Signal Strength, ìyẹn agbára sígínà, àti Signal Quality, ìyẹn bó ṣe mọ́ tó. Bí méjèèjì bá wà ní òdo, ó ṣeé ṣe kí wáyà ti já tàbí kí LNB ti kú. Bí agbára bá ga tí mímọ́ sì wà ní òdo, LNB ń ṣiṣẹ́, àmọ́ díìṣì kò wo ibi tó yẹ, tàbí nǹkan dí i lójú. Bí mímọ́ bá ń lọ sókè sódò bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́, nǹkan kan ń mì lókè: òpó, nọ́ọ̀tì tàbí ẹ̀ka igi.

Ẹ̀yìnkùlé

Oòrùn ilẹ̀ wa a máa la awọ wáyà. Omi òjò á wọlé níbi tó là, á gba inú wáyà rìn bọ̀ wá sínú dìkódà. Ẹ jẹ́ kí wáyà tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kó tó wọ ara ògiri, kí omi lè kán dànù níbẹ̀. Ẹ wo ẹnu LNB bóyá agbọ́n ti mọlé síbẹ̀, tàbí bóyá ọ̀rá tó bò ó ti ya.

Àwọn òkè ìlú wa kò lè dí díìṣì lójú, nítorí sátẹ́láìtì ga jù wọ́n lọ. Igi máńgòrò àti fúrúùtù tó wà nínú ọgbà gan-an ni kí ẹ ṣọ́. Òfin kan tó rọrùn láti rántí: bí igi bá jìnnà sí díìṣì ní ẹsẹ̀ bàtà 10, kò gbọ́dọ̀ ga ju díìṣì lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Bó bá jìnnà ní 20, kó má ga jù ú lọ ní 24. Igi tí kò dí wa lójú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn lè ti dàgbà débẹ̀ báyìí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí aládùúgbò ń kọ́ lọ́wọ́ náà wà lábẹ́ òfin kan náà.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má gun òrùlé nígbà tó bá tutù, nígbà ìjì, tàbí níbi tí wáyà iná bá sún mọ́. Páànù tó ti dípẹtà, irú èyí tí ó kún ìlú wa láti Aké dé Ìjẹ̀mọ̀, lè má gba ìwúwo àgbàlagbà kan. Kò sí eré bọ́ọ̀lù tó tó ẹ̀mí. Ẹ pe ẹni tó ń so díìṣì, kó sì mú mítà tirẹ̀ dání. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú lásán wá sátẹ́láìtì, òpó ọparun ni òun náà fẹ́ yí.

Oṣù sí oṣù

*Ṣẹ́rẹ́ àti Èrèlè.* Eruku ọyẹ́ kì í dí sígínà. Òrùlé gbẹ, àkàbà kì í yọ̀: àsìkò yìí ni kí ẹ pààrọ̀ wáyà tó là, kí ẹ sì gé ẹ̀ka igi.

*Ẹrẹ̀nà sí Èbìbí.* Ìgbà ìjì òun àrá nìyí. Bí ojú ọ̀run bá ṣú láti ìlà-oòrùn, ẹ yọ dìkódà kúrò lára iná, kí ẹ sì tú wáyà díìṣì kúrò lẹ́yìn rẹ̀ kí àrá tó sún mọ́. Ọ̀pọ̀ dìkódà ló ti gba ibẹ̀ kú.

*Òkúdù àti Agẹmọ.* Òjò ń rọ̀ gidi. Bí àwòrán bá lọ nínú òjò tó sì padà lẹ́yìn rẹ̀, ara díìṣì dá. Bí òjò bá dá tí àwòrán kò padà títí dọjọ́ kejì, omi ti wọ inú kọnẹ́ẹ̀kítọ̀ tàbí LNB.

*Ògún.* Òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀. Ẹ lo àlàfo yìí láti tún ohun tí òjò àkọ́kọ́ bàjẹ́ ṣe.

*Ọ̀wẹwẹ̀ àti Ọ̀wàrà.* Òjò kejì dé. Ẹ tún ìlànà Òkúdù tẹ̀ lé.

*Bélú àti Ọ̀pẹ.* Ẹ dè nọ́ọ̀tì òpó le kí àwọn ọmọ tó wálé ọdún.

Ọjọ́ tí oòrùn ń bá wa ṣàyẹ̀wò

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn máa ń gba ẹ̀yìn sátẹ́láìtì kọjá. Ní Abẹ́òkúta, ó máa ń bọ́ sí àyíká ọjọ́ 17 oṣù kẹta, ní nǹkan bí aago 10 kọjá ogún ìṣẹ́jú òwúrọ̀, àti àyíká ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, ní nǹkan bí aago 10 kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Fún ọjọ́ mélòó kan ní àyíká déètì wọ̀nyí, àwòrán lè lọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí ariwo ìgbì láti ara oòrùn bo sígínà mọ́lẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni kí ẹ jáde síta. Ẹ má wo oòrùn; díìṣì ni kí ẹ wò. Ibi tí oòrùn wà nígbà náà ni sátẹ́láìtì wà. Bí ìtànṣán bá bo ojú díìṣì yíká, ọ̀nà mọ́ láti ọ̀run wá. Bí òjìji ewé, ẹ̀ka tàbí igun òrùlé bá bọ́ sójú rẹ̀, ohun tó ni òjìji náà ló ń dí sígínà yín. Ẹ ti mọ ẹ̀ka tí ẹ óò gé.

Ẹ kọ ọ́ síhìn-ín

Ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ tí àwòrán sì ń dán, ẹ ṣí ìwọ̀n sígínà, kí ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé yìí pẹ̀lú déètì. Dókítà tó bá mọ bí ara wa ṣe ń gbóná tó nígbà tí ara dá ló lè mọ̀ bí ibà bá wọlé. Bí ìṣòro bá dé, ẹ fi nọ́ńbà tuntun wé ti àtẹ̀yìnwá, kí ẹ tó wá àkàbà.

Agbára: ............ Mímọ́: ............ Ọjọ́: ............