Ibi Tí Ìwádìí Lórí Èéfín Igbó Mọ

Ìgbàgbọ́ tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń fa igbó, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní wiwi, ni pé bí èéfín bá gba inú omi kọjá kó tó dé ọ̀fun, omi ti fọ ìdọ̀tí rẹ̀ dànù, nítorí náà ìkòkò olómi sàn ju igbó tí wọ́n fi pépà wé lọ. Ìwádìí tó yẹ ìgbàgbọ́ yìí wò kò pọ̀, èyí tó sì wà kò gbè é lẹ́yìn.

Ní ọdún 1996, Dale Gieringer, ajàfún-àtúnṣe òfin igbó ní California, tẹ èsì ìdánwò kan jáde, nínú èyí tí ẹ̀rọ ti fa igbó láti inú pépà, láti inú ìkòkò olómi àti láti inú irinṣẹ́ tó ń mú ewé gbóná títí oje rẹ̀ yóò fi di oruku láìjóná. Omi dá lára ọ̀dà dúró, ìyẹn ohun dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n ó dá THC, èròjà tó ń pa ènìyàn bí ọtí, dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ kó pa òun tó bó ṣe máa ń pa á yóò fa èéfín púpọ̀ sí i, ọ̀dà tí omi gbà yóò sì tún wọlé. Pépà lásán borí ìkòkò olómi. Oruku nìkan ló borí pépà. Ẹni tí ìfẹ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń fa igbó ló gbé èsì tí wọn kò fẹ́ gbọ́ jáde, èyí sì bu iyì kún un.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ kì í dá èéfín dúró sáyà bí ènìyàn ti ń ṣe, ìdánwò náà kò sì wọn carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó ń ti inú jẹnẹrétọ̀ jáde pa àwọn tó sùn sínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Ní ọdún 1988, olùwádìí Tashkin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles wọn afẹ́fẹ́ yìí lára àwọn ọkùnrin 15, wọ́n sì rí i pé carbon monoxide tó bá ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́yìn igbó tó ìlọ́po márùn-ún ti sìgá, nítorí pé wọ́n ń fà á jinlẹ̀, wọ́n sì ń dì í mú pẹ́. Olùwádìí Abrams ní San Francisco, ní 2007, rí i pé oruku dín afẹ́fẹ́ yìí kù púpọ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn 18 tí wọ́n ṣọ́ fún ọjọ́ mélòó kan kò lè sọ ẹni tí jẹjẹrẹ yóò mú lẹ́yìn ogún ọdún. Irinṣẹ́ tuntun sì ń jáde kí ìwádìí lórí ti àtijọ́ tó parí: ní 2019, òróró THC tí wọ́n fi vitamin E acetate lú, tí wọ́n ń fi irinṣẹ́ oníbátìrì fà, wà lára ohun tó ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó lé ní 2,800 jẹ́ ní Amẹ́ríkà.

Ní Nàìjíríà, òfin igbó ti ọdún 1966 kò mọ sórí ewé nìkan, ó ka níní ìkòkò tí wọ́n fi ń fà á sí ẹ̀ṣẹ̀, ìlú Jos, ní Katton Rikkos, sì ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, wà. Ta ni yóò wá ka irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún olùwádìí tó mú bírò dání? Nígbà tí Tolani Asuni, dókítà àrùn ọpọlọ, kọ̀wé lórí igbó ní 1964, àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta ló wà lójú rẹ̀. Ẹni tí a kò gbé wá sílé ìwòsàn kò sí nínú òǹkà. Ìwádìí orílẹ̀-èdè ti 2018 fi hàn pé mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn lo igbó láàárín ọdún kan, ṣùgbọ́n iye yìí kò sọ ohun tí wọ́n fi fà á.

Bí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń fa igbó bá wá ń wúkọ́ ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Jos, ó ṣòro láti mọ ohun tó fà á: tábà tó pò mọ́ igbó rẹ̀ wà ńbẹ̀, eruku ọyẹ́ àti ti kòtò kùsà wà ńbẹ̀, èéfín igi ìdáná ìyá rẹ̀ wà ńbẹ̀, ikọ́ ife náà sì lè wà ńbẹ̀. Àwọn dókítà ní Queensland, Ọsirélíà, kọ ọ́ ní 2003 pé ikọ́ ife ran àwọn ọ̀dọ́ kan tó jọ ń fa igbó nínú ìkòkò olómi kan ṣoṣo, àmọ́ àwọn tó jọ ń fẹnu kan ìkòkò kan náà ló sábà máa ń jọ jókòó sínú yàrá kan náà, tí wọ́n jọ ń mí afẹ́fẹ́ kan náà.