Ẹ Jẹ́ Kó Fẹnu Ara Rẹ̀ Sọ Ọ́

Aago márùn-ún ìdájí lèmi, ọmọkùnrin kan àti ìyá rẹ̀ kúrò ní Òkè-Àkò. Ọyẹ́ ń mú, ìyá ọmọ náà sì ti fi súwẹ́tà méjì bò ó, nítorí òtútù kì í bá alárùn fòní-kú-fọ̀la-dìde ṣeré. Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìfàkì: ìgbà mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ ní, "Mu omi," ìgbà méjì sì ni dírẹ́bà dúró kí ọmọ lè tọ̀. Kíndìnrín àwọn alárùn yìí kì í lè dá omi dúró. Bí omi bá sì gbẹ lára wọn, ìrora eegun lè dé nìyẹn.

Ọmọ náà ti pé ọdún 18. Lónìí ni yóò kúrò lọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé bọ́ sọ́dọ̀ ti àgbà, ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó. Nígbà kan, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kì í dàgbà rárá. Wọ́n ṣírò pé bí ọmọ 150,000 ni a ń bí pẹ̀lú àrùn yìí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún.

Lápá ọmọdé, nọ́ọ̀sì kan dì mọ́ ọn pinpin. Wọ́n gbé fáìlì rẹ̀ tó nípọn lé òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, wọn kò fún ìyá rẹ̀. A sọdá.

Lápá àgbà, obìnrin kan di báńdéèjì mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, ọkùnrin kan fi ọ̀pá rìn nítorí ìgbáròkó rẹ̀ tó ti bàjẹ́. Ọmọ náà wò wọ́n títí. N ò rí ẹni tó ti pèsè ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ fún èyí, ó sì dùn mí.

"Oògùn wo lò ń lò?" ni dókítà bi í. Ìyá rẹ̀ ti lanu.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Ó mọ folic acid, ó mọ Paludrine. Nígbà tó kan hydroxyurea, àwọ̀ rẹ̀ ló mọ̀, kò mọ iye mílígírámù. Dókítà ní kó kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀, ó sì ní kí èmi àti ìyá rẹ̀ bọ́ síta.

Ohun kan wà tí ọmọkùnrin kò lè sọ lójú ìyá rẹ̀: pé nǹkan ọkùnrin òun ń le, ó ń dunni, kò sì rọ̀. Àrùn yìí máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá fi máa tó wákàtí mẹ́rin, kó ti wà nílé ìwòsàn.

Níta, ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ owó. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá ọmọ. Adójútòfò ìlera wọn kò gba ọmọ tó bá ti pé ọdún 18. Ọjọ́ ìbí tó yẹ ká fi jó ni ilẹ̀kùn tì mọ́ ọn. Ó yẹ kí wọ́n yí òfin náà padà.

Bí a ti ń padà lọ, ní Ọ̀yẹ́, òun ló ní kí dírẹ́bà dúró kí òun ra omi. Ìyá rẹ̀ ti nawọ́ sí àpò owó. Ó fà á padà.