Iṣẹ́ Onílàjà láti Òkèèrè nínú Orílẹ̀-èdè tí Kò Fìmọ̀ Ṣọ̀kan

Bí orílẹ̀-èdè bá pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, a máa ń wá onílàjà láti òkèèrè, nítorí kò sí ẹni tí yóò fẹ́ jókòó sí àgbàlá ọ̀tá rẹ̀. Wo Nàìjíríà lẹ́yìn ìpànìyàn ọdún 1966. Ojukwu kò gbà láti wá sí Èkó, ẹ̀mí rẹ̀ ni ó ń bẹ̀rù fún. Ọ̀gágun Ankrah, olórí ilẹ̀ Gánà, ni ó gba òun àti Gowon lálejò ní Aburi ní oṣù kìíní ọdún 1967. Ọjọ́ méjì péré! Wọ́n gbà pé àwọn kò ní fi ìbọn yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà délé, oníkálukú túmọ̀ àdéhùn bí ó ti wù ú. Nínú àròkọ rẹ, má ṣe di ẹ̀bi ru Ankrah: ó tẹ́ ẹní fún wọn, kò sì lè bá wọn pa àdéhùn mọ́. Ní oṣù keje ọdún náà ni ogun bẹ́ sílẹ̀, ó sì gba oṣù 30.