Ìjì Kan Kò Tíì Di Òjò Ọdún

Ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, tí ooru bá ti mú gan-an, ẹ máa ń rí i tí ìlà-oòrùn á ṣú dùdù, atẹ́gùn tútù á dé, eruku á sọ, kí òjò àkọ́rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ibo ni ìjì yìí ti ń bọ̀? Báwo ló ṣe ń pẹ́ tó?

Arìnrìn-àjò ni. Ó lè ṣẹ̀ lọ́sàn-án lórí òkè Jos tàbí ti Kamẹrúùnù, kó máa bọ̀ níhà ìwọ̀-oòrùn, bíi 50 kìlómítà ní wákàtí kan, kó kọjá lọ́dọ̀ wa lóru, kó tún gba Benin àti Tógò lọ. Atẹ́gùn tútù tó ń jáde lábẹ́ òjò ló ń ti atẹ́gùn gbígbóná tó lọ́rinrin sókè níwájú rẹ̀, ìyẹn á tún di òjò. Bó ṣe ń rìn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í lò tó ọjọ́ kan kó tó parẹ́. Lóko yín, ìjà rẹ̀ kì í sábà ju wákàtí kan lọ. Ìyókù, òjò wínníwínní ni.

Ti orí òkun yàtọ̀, kì í sì í dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 2023, ìjì tí wọ́n pè ní Freddy ṣẹ̀ nítòsí Australia, ó la òkun já, ó ba nǹkan jẹ́ ní Madagásíkà, Mòsáńbíìkì àti Màláwì. Ọjọ́ 36 ló lò, ó rìn ju 12,000 kìlómítà lọ. Omi òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń bọ́ ọ.

Tiwa kò ní irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Ó lè rọ̀ lónìí, kí òmíràn má tẹ̀ lé e fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti rí àgbàdo tó hù dáadáa lẹ́yìn irú òjò yìí tó sì gbẹ dànù, tí olóko tún lọ ra irúgbìn. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti jókòó nígbà tí aládùúgbò ti ń gbìn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ níbi mẹ́ta mẹ́rin. Tí ẹ bá bá erùpẹ̀ gbígbẹ nísàlẹ̀, ẹ dúró dìgbà tí òjò méjì mẹ́ta bá tẹ̀ léra. NiMet náà máa ń kéde ìgbà tí òjò á bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ bi òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ àdúgbò yín.

Ní ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti yọ ọmọ, ẹ fi ọ̀pá tì í kí ìjì tó dé. Ìlà-oòrùn ni ìjì ti ń bọ̀, nítorí náà ìhà ìwọ̀-oòrùn ni kí ọ̀pá wà.